Àwa Ẹlẹ́nu Mẹ́rin àti Orin Àṣàkẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń lọ aṣọ nínú pálọ̀, ó mú agolo kan dání, ó ń fín nǹkan fẹ́ẹ́-fẹ́ẹ́ sára bùbá mi. Mo ní kí ni yẹn. Ó ní, "Sítáàṣì ni, Màmá." Mo gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn òdòdó ni mo gbọ́. Sítáàṣì wo ló ń ta sánsán bí ọmọge tó ń lọ sóde? Mo gba bùbá mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ilé ìdáná, mo po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ omi, mo gbé e ka iná, mo sì ń rò ó títí tó fi ki, tó ń dán. Òórùn kíkan díẹ̀ tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ jáde lára rẹ̀, ó sì gba gbogbo ilé.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọmọ náà ló yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, orin wo lẹ̀ ń kọ tí kò lọ́rọ̀ nínú?" Mo wá tẹ́tí sí ara mi. Lóòótọ́ ni, "wúù, wúù-wà, wúù" ni mo ń pa lórí ìkòkò bí ẹyẹlé. Ẹ̀rín pa mí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ orin náà. Ipa tí wọ́n fún mi nínú rẹ̀ ni kò lọ́rọ̀. Làmídì alágbàfọ̀ ló ni ọ̀rọ̀, àwa mẹ́ta tó kù, ariwo dídùn nìkan la ni. Ó bi mí ta ni Làmídì. Mo ní kó pa áyọ́ọ̀nù rẹ̀, kó wá jókòó.

Ó ku díẹ̀ kí òmìnira dé nígbà náà. Mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbẹ bí igi ìdáná, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ilé wa ní Ẹdẹ wà létí ọ̀nà tó lọ sí sítéṣàn rélùwéè. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá tó bí i wà láàyè, Ìyá Àgbà là ń pè é, òun ló ni ilé tó ni ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà ni Àǹtí Rébékà, àbúrò bàbá mi, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé ìjọ. Ó ga, ó dúdú, ó ń dán, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn géńdé tó ń gbé ẹrù ní sítéṣàn á dákẹ́ ná, wọ́n á jẹ́ kó lọ tán kí wọ́n tó máa bá àríyànjiyàn wọn lọ.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́, gbogbo wa á lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà. Á máa fi oríkì dá wa lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Bó bá kàn mí, á ní, "Àjíkẹ́, o jí ire bí?" Bó bá kan àbíkẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, á fa orúkọ náà gùn bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán lẹ́nu òun: "Àṣàkẹ́." Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má bínú bí mo bá ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ẹ ti mọ̀. Oríkì kì í ṣe orúkọ tí à ń kọ sínú ìwé. Ẹni tó jù ọ́ lọ ló ń fi í pè ọ́, láti kẹ́ ọ, láti tù ọ́ nínú. Ọmọdé kì í fi í pe àgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kì í sì í ṣàdédé fi í pe ọmọ ọlọ́mọ. Níta, Mísì Rébékà ni gbogbo ayé mọ àǹtí mi sí. Inú ilé wa nìkan ni ó ti ń jẹ́ Àṣàkẹ́.

Ní àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Làmídì gbọ́ ọ. Ọmọ ilé Mùsùlùmí kan ní àárín ìlú ni, ó ti kọ́ iṣẹ́ alágbàfọ̀ parí, ó sì ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí sítéṣàn. Òun ló máa ń ru aṣọ ilé wa wá lẹ́yìn tó bá ti lọ̀ ọ́ tán. Ó dúró lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, ẹrù aṣọ lórí, ó ń dúró kí a kí ìyá tán. Ìyá Àgbà ní, "Àṣàkẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi Jósẹ́fù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé ọjọ́ náà ni Làmídì ru ẹrù aṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ ọ́ kalẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá a ti kó kúrò ní Ẹdẹ ni. Mo ń sọ fún yín báyìí kí ẹ lè bá mi rìn: alágbàfọ̀ náà fẹ́ràn àǹtí mi, kò sì lè sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ní Ẹdẹ tiwa, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jẹ iléyá tó sì ń jẹ kérésì. Ojú ló ń tì í. Ó ń wo tíṣà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó.

Akọ̀wé rélùwéè kan tí wọ́n gbé wá láti Èkó ló kó wa sínú orin. Ó ní giramafóònù tí a ń fọwọ́ yí, ó sì ní àwo orin kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Lọ́sàn-án Sátidé, tó bá wá gba aṣọ rẹ̀, á gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Èmi máa ń tẹ̀lé Jósẹ́fù lọ síbẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́, akọrin sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ló ń kọrin nínú àwo náà. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tó ń dún "bọ́ọ̀m, bọ́ọ̀m" bí ẹni ń sọ àpò kòkó kalẹ̀, àwọn kan ń ṣe "dúù-wà" láàárín, ọ̀kan sì wà níwájú tó ń fi ìfẹ́ sunkún. Jósẹ́fù ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní ọkùnrin náà ń sọ pé ọmọbìnrin kan kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Ọ̀gá Làmídì ní bí kò bá rí oorun sùn, kó wá bá àwọn fọṣọ.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé akọ̀wé náà lọ sí òkè ọya, ó sì gbé àwo rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Alábàárù kan wà ní sítéṣàn tí à ń pè ní Àgbá nítorí bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀. Ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó dúró, ó wo orí tábìlì tó ṣófo, ó sì la ẹnu, ó ní, "Bọ́ọ̀m, bọ́ọ̀m." Jósẹ́fù gbà á ní "dúù-wà". Làmídì wá ń wá ẹni tí yóò mú ohùn òkè, nítorí ohùn tiwọn ti dàgbà, kò gòkè mọ́. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi lórí àpótí ọṣẹ. Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, láìgba ìwé, láìsan ohunkóhun.

Ẹnu iṣẹ́ la ti hun orin tiwa. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wúwo. Bí Làmídì bá gbé e sọ̀ sórí tábìlì, ìró rẹ̀ ni Àgbá fi ń mọ ibi tó yẹ kóun ti dún. Láyé ìgbà náà, alágbàfọ̀ kì í fi agolo fín omi. Wọ́n á bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á wú, wọ́n á sì fín in fẹ́ẹ́ sórí aṣọ bí ìrì. Nítorí náà, bí Làmídì bá kọrin dé ibì kan, á ní láti dákẹ́ kó bu omi, kó fín in, kó tó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Àwa mẹ́ta á máa dún lábẹ́ rẹ̀ títí omi yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ìdákẹ́ ṣe wọnú orin náà nìyẹn. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, bí kò tilẹ̀ sí omi tàbí aṣọ níwájú rẹ̀, kò lè kọ ọ́ láìdúró síbẹ̀. Á dákẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú díẹ̀, gbogbo èèyàn á máa retí, kí orúkọ náà tó wá jáde.

Ojú mi rí ọ, ẹnu mi wúwo,
Ẹsẹ̀ mi dẹ́nu ọ̀nà yín, ó padà,
Àṣàkẹ́,
Bílẹ̀ bá mọ́, bá mi jí ire.

Mo bi í léèrè o. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Làmídì, Àṣàkẹ́ kan mà wà nílé tiwa náà." Ó tẹjú mọ́ kọ́là tó ń lọ̀. Ó ní, "Ilé wo ní Ẹdẹ ni kò ní Àṣàkẹ́ tiẹ̀?" Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Nínú kíláàsì mi nìkan, bí o bá pe Àṣàkẹ́, ìlà kan gbáko ló máa dìde. Ó fi orúkọ àǹtí mi pamọ́ sáàárín àwọn tó ń jẹ́ ẹ, bí ẹni fi ewé pamọ́ sínú igbó. Ó sì pamọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí a ti mọ̀ ọ́n kọ dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù, a gbé e lọ sí sítéṣàn. Bí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ bá dúró, a ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Àgbá á sọ ẹrù kalẹ̀, ó di orin. Àwọn èrò á yọrí lójú fèrèsé. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ wò wá títí, ó ní, "Ẹnu mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan," láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè wá ní Ẹlẹ́nu Mẹ́rin. Àṣàkẹ́ ni oríkì ìyá ẹlẹ́pà yìí náà. Ó ti bí ọmọ púpọ̀, eyín rẹ̀ iwájú ti lọ, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé òun là ń kọrin fún, ó sì ń fún wa ní ẹ̀pà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́. Ohun tó ṣe ìyá ẹlẹ́pà ló ṣe gbogbo ìlú. Orin náà kúrò ní sítéṣàn, ó dé odò, ó dé ọjà, àwọn tó wá tajà láti Ara àti Awo gbé e lọ sílé. Ọmọbìnrin tó bá ń jẹ́ Àṣàkẹ́, ọrùn rẹ̀ á gùn sí i bó bá ń rìn. Àǹtí Rébékà nìkan ni kò yí ìrìn rẹ̀ padà.

Ìgbà náà gan-an ni ọkùnrin kan ní Òṣogbo, tó ń bá ìjọba yẹ kòkó wò, rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá bàbá mi nítorí àǹtí mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀ tí a lè nawọ́ sí. Àǹtí ní kí wọ́n fún òun láyè títí di ìkórè. Kò sọ ohun tóun ń dúró dè. Jósẹ́fù ti búra fún Làmídì pé òun kò ní sọ, àmọ́ kò jẹ́ kó sinmi. "Rán alárenà," ló ń sọ fún un ṣáá, ìyẹn ẹni tó ń bá ọkùnrin lọ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún obìnrin kí ojú má bàa ti ẹnì kankan. Làmídì á ní, "Orin yẹn ni alárenà mi." Jósẹ́fù á ní, "Alárenà tó ń kí gbogbo ìlú, ta ni yóò mọ̀ pé òun ló wá kí?"

Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí àwọn àgbààgbà kan wọ ilé wa láti Alájùé. Bàbá mi ni wọ́n wá bá, nítorí òun ni bàbá Jósẹ́fù tí wọ́n ń pè ní tíṣà, wọ́n sì rò pé ẹgbẹ́ tó bá ní tíṣà nínú, ọwọ́ bàbá tíṣà ni olórí wà. Bàbá ránṣẹ́ pe Làmídì àti ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n jókòó tán, wọ́n kí ara wọn tán, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àlejò gbọ́n ọwọ́ agbádá rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́. Bó bá lọ sódò, orin. Bó bá lọ sọ́jà, orin. Àwa rò pé ẹni tó ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní gbangba báyìí, ó ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ni. A gbálẹ̀, a retí yín, a ò rí yín. Ọmọkùnrin tó ti ń fẹ́ ẹ bọ̀ tẹ́lẹ̀ ti yí ẹsẹ̀ padà, ó ní òun ò lè bá olórin du ìyàwó. Ọmọ náà kì í jáde mọ́. Ẹ dákun, ṣé ká máa retí yín, àbí ká má retí yín mọ́?"

Àgbà náà kò gbóhùn sókè rárá, ìbá sàn kó bínú. Wọn kò wá jà, wọ́n wá béèrè ni, bí ó ti yẹ kí ẹni tó lọ́mọ béèrè. Mo jókòó sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo rí Làmídì. Bó bá ní kì í ṣe ọmọ yín, wọ́n á gbé ìtìjú náà padà lọ bá ọmọ tó wà nínú yàrá. Bó bá sọ Àṣàkẹ́ tó jẹ́, á di pé ó fọ́ orúkọ àǹtí mi sójú àlejò, nígbà tí àwọn ará Òṣogbo ti ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Bó bá dákẹ́, ó ti gbéyàwó nìyẹn.

Àsìkò náà ni Àǹtí Rébékà gbé omi àlejò wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ife fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e fún Làmídì náà. Làmídì gbà á, kò wò ó lójú. Ó bu omi sẹ́nu, kò gbé e mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo ń retí orúkọ.

Ó gbé omi náà mì, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi," ló wí, "ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín jókòó sínú yàrá mọ́. Orin náà kò lẹ́nì kan. Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ Àṣàkẹ́ ló ni ín, àti ìyá ẹlẹ́pà ní sítéṣàn. Àwa fúnra wa á wá sí Alájùé, a ó kọ ọ́ lójú ọmọkùnrin náà, màá sì fẹnu ara mi sọ ọ́." Àwọn àgbà náà mí kanlẹ̀. Àǹtí Rébékà kó àwọn ife jọ, ó jáde.

A lọ sí Alájùé lóòótọ́. Ọmọkùnrin náà padà, wọ́n sì fún wa níṣu tó jẹ́ pé Àgbá nìkan ló lè rù ú. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, lọ́jọ́ kejì tí àwọn àlejò náà wá, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn aṣọ tó ń jóná ló pàdé mi. Làmídì tí kì í jẹ́ kí iná jó aṣọ ẹnikẹ́ni dúró, áyọ́ọ̀nù wà lórí ẹ̀wù Jósẹ́fù, èéfín ń rú, ó ń wo ọ̀nà ilé wa. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn rọra gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ Àṣàkẹ́ tó jẹ́. Ó dùn mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni Àǹtí Rébékà sọ fún Ìyá Àgbà pé òun gbà fún ará Òṣogbo.

Làmídì ló lọ gbogbo aṣọ ilé wa fún ọjọ́ ìyàwó náà. Aṣọ ìyàwó funfun wà nínú rẹ̀. Sítáàṣì ara rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dún wàràwàrà bí àǹtí mi ti ń rìn. Làmídì fúnra rẹ̀ kò wá. Nígbà tí a kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ gbé ìyàwó lọ, àwọn èèyàn ní àfi kí Ẹlẹ́nu Mẹ́rin kọrin. Àwa ẹlẹ́nu mẹ́ta bá dìde. Àgbá dún, Jósẹ́fù gbè é, mo gun òkè lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wa. A dún títí a fi dé ibi ìdákẹ́, a dúró níbẹ̀, a kò mọ bí a ó ṣe kúrò. Gbogbo àgbàlá sì pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Àṣàkẹ́!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tilẹ̀ ní orin náà kúkú bá ìyàwó mu, Àṣàkẹ́ ni òun náà. Àǹtí mi gbójú sókè. Ó wo gbogbo èèyàn káàkiri, ó ń wá ẹnì kan, lẹ́yìn náà ó wọkọ̀.

A kò kọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé Jósẹ́fù lọ ṣe tíṣà ní Awo, Àgbá tẹ̀lé rélùwéè lọ sí òkè ọya, èmi náà lọ sílé-ìwé. Làmídì jogún ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó, ó fẹ́ òmíràn, kò sí Àṣàkẹ́ nínú wọn. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó di Àlùhájì. Àǹtí mi kò jìyà nílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yàn, wọ́n yanjú, ó sì sin ọkọ náà pẹ̀lú omijé tòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé rẹ̀ bàjẹ́ nítorí orin.

Nígbà tó di opó, ó padà sí ilé bàbá wa ní Ẹdẹ, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Ìyá Àgbà ti lọ, bàbá mi ti lọ, Jósẹ́fù ti lọ. Láràárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Àjíkẹ́, o jí ire bí?" Lọ́jọ́ kan ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "O ò rí i pé kò sí ẹni tó lè pè mí mọ́? Màmá ni tibí, Ìyá ni tọ̀hún. Gbogbo ẹni tó jù mí lọ ti lọ. Orúkọ tí ìyá mi fi ń jí mi, ọwọ́ àwọn òkú ló kù sí." N kò lè pè é. Àbúrò ni mí.

Kò pẹ́ sígbà náà, láàárọ̀ kùtù, ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ni, ó gbé ọ̀pá dání, ó wọ jálàbíà funfun tó le gbagidi, mo sì gbóòórùn sítáàṣì tòótọ́ lára rẹ̀. Mo pariwo, "Bọ̀ọ̀dá Làmídì!" Ó ní òun gbọ́ pé Mísì Rébékà ti padà délé. Àǹtí mi gbọ́ ohùn náà nínú àga tó wà. Ó di apá àga mú, eékún rẹ̀ ń dùn ún, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúnlẹ̀, nítorí àgbà rẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Làmídì la ẹnu, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jìn wú díẹ̀. Mo mọ ibẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé mo fọwọ́ bo ẹnu, ǹ bá ti gbe orin náà. Kò sí òfin kan tó tún dá a dúró mọ́. Ọjọ́ orí ti fún un láyè.

Ó ní, "Àṣàkẹ́. O jí ire bí?"

Àǹtí mi kò dìde. Ó wò ó láti ilẹ̀. "Ẹ mà pẹ́ o," ló wí.

"Mo pẹ́," ni Làmídì dáhùn.

Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ eékún dídùn àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Nígbà tó lọ tán, mo bi àǹtí mi bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó ní, "Alágbàfọ̀ wo ló ń ru aṣọ wálé kóòrùn tó yọ? Mo mọ̀. Mo dúró de alárenà títí di ìkórè, orin ni mo ń rí. Obìnrin kì í dáhùn orin, Àjíkẹ́. Ọjọ́ tó sọ pé gbogbo Àṣàkẹ́ ló ni orin náà, mo mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń dáàbò bò, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló gbà là, kì í ṣe èmi." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohùn rẹ̀ ṣì dára."

Láti ọjọ́ náà, Làmídì ń wá kí i láràárọ̀ Sátidé títí tó fi ṣaláìsí. Àǹtí mi náà tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró ní sítéṣàn wa bíi ti tẹ́lẹ̀, ilé ń bẹ níbi tí ṣọ́ọ̀bù wà, agolo ló sì ń fín omi fún alágbàfọ̀. N kò sunkún nítorí ìyẹn. Ẹ̀yìn mi kò lè gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú mọ́. Ohun tó ń ṣe mí ni pé kò sí ẹni tó lè pè mí ní Àjíkẹ́ mọ́. Mo ti wá mọ ohun tí àǹtí mi ń sọ. Èèyàn lè dàgbà tó ìyá gbogbo ayé, kó ṣì máa fẹ́ kẹ́nì kan fi orúkọ àárọ̀ jí òun.

Mo sọ ìtàn náà dé ibí, sítáàṣì mi ti tutù lórí iná tó ti kú. Ọmọ ọmọ mi ò fọwọ́ kan fóònù rẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ oríkì tirẹ̀. Ó ní bóyá òun ní ọ̀kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi í pe òun rí. Mo ní kó gbé bùbá náà wá, kó tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀. A rẹ bùbá náà sínú sítáàṣì, a fún un, a sá a. Nígbà tó gbẹ, tó le, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń retí. Mo fín omi náà fẹ́ẹ́ sórí aṣọ títí ó fi tán lẹ́nu mi, mo sì pè é.

"Àbẹ̀kẹ́."